Lọ-Tààrà Kọ́ Bí A Ṣe Ń Yà

Tí àlejò bá wọ Ọ̀wọ̀ tó sì béèrè Boniface, wọ́n á ní Boniface wo, nítorí wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ní Lọ-Tààrà lòun ń wá, ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tó bá pàdé kò ní jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí yóò fi ní kó gùn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá fáìlì ìjọba ìbílẹ̀, fáìlì kan ò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tìtorí ìyẹn sọ ọ́ lórúkọ. Ó tọ́ ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn yanjú, síbẹ̀ àwọn ará àdúgbò kì í pè é ní Bàbá Kingsley. Ohun tó ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún 1998 ni ìlú mú, òun ni wọ́n sì dì mú títí dòní. Bẹ́ẹ̀ layé rí. Èèyàn lè gbé ẹsẹ̀ rere lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, ẹyọ kan tó bá ṣì gbé ni wọn yóò máa ròyìn.

Onílù ni Boniface, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú onílù tí ń ki èèyàn. Ìlù béèsì ni tirẹ̀, ìlù ńlá olójú méjì tí báńdì ìjọ wọn fi ń yan bí ológun lọ́jọ́ òmìnira, lọ́jọ́ ìkórè, àti nígbàkígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá wá. Àwọn ìlù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sáídì lè ṣe fáàrí bó ti wù wọ́n, fèrè idẹ lè máa ké, béèsì ni ẹsẹ̀ gbogbo wọn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Tó bá ti dún gbìm, ẹsẹ̀ òsì gbọ́dọ̀ balẹ̀. Boniface mọ èyí, ó sì ń dùn mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kúrú. Ká má tan ara wa, ó kúrú gan-an ni, àyà rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé béèsì kọ́.

Ìlù tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ kò tóbi, ó ń rí iwájú dáadáa lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 1998, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ nígbà tí awọ tí wọ́n fi gbé e kọ́rùn já. Ìlù balẹ̀, ó dojú kọ ìsàlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ. Ẹlòmíràn ì bá dúró kó máa pariwo. Boniface ro pé bí béèsì bá dákẹ́, ẹsẹ̀ gbogbo báńdì ni yóò dàrú, ló bá sáré tẹ̀lé e. Bó bá ti lé e bá, á nà án, gbìm. Ìlù á tún sá, òun náà á tún lé e. Àwọn tó wà níbẹ̀ búra pé kò pa ẹyọ kan jẹ títí tí ìlù fi já wọ inú àtẹ gààrí obìnrin kan nísàlẹ̀, tó sì fọ́ sí méjì. Obìnrin náà ti múra ìjà tán, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú Boniface tó rí i pé omijé ti ń bọ̀, ó ní kó jókòó kóun bu omi fún un mu.

Ọmọ ìjọ kan tó wà lókè òkun gbọ́, ó sì fi ìlù tuntun ránṣẹ́. Ìparí oṣù kẹjọ ló dé. Nígbà tí wọ́n tú páálí rẹ̀, gbogbo wọn hó yèè. Ó ń dán, ó rẹwà, ó sì fi ìdajì tóbi ju èyí tó fọ́ lọ. Boniface ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun. Wọn ò tíì gbé e kọ́ ọ lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan tí ọdún Igogo fi wọlé.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún gbáko ni ìlù kì í fi í dún nílùú. Agogo ni wọ́n ń lù, ọkùnrin kì í sì í dé fìlà. Báńdì tó fẹ́ yan lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá kò sì lè káwọ́ gbera kó máa wòran, nítorí náà ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Wọ́n á tò sínú ọgbà ìjọ lọ́sàn-án, lórí òfìfo, láìgbé ìlù kankan. Àwọn onísáídì á máa ní "tàràrá-tàràrá," Boniface á máa ti inú ikùn wí pé "gbìm, gbìm." Wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, kò sí ẹni tó ṣì ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀gá báńdì ìgbà náà ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Kò sí ẹni tó rántí pé ẹni tó ń fi ẹnu lu béèsì kò ní ohunkóhun láyà tó bò ó lójú.

Nígbà tó di ọjọ́ òmìnira, wọ́n gbé ìlù tuntun kọ́ Boniface lọ́rùn, ayé sì pòórá. Ohun tó kù tó ń rí kò ju ojú ọ̀run àti wáyà iná lọ. Ojú tì í láti sọ ọ́. Wọ́n kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tọ títì, nígbà tí wọ́n sì dé géètì pápá ìṣeré, báńdì yà sọ́tùn-ún wọlé. Boniface lọ tààrà. Ó gbọ́ pé ohùn àwọn sáídì ń rẹlẹ̀, ó rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni, ló bá túbọ̀ fi agbára na tirẹ̀ láti ta wọ́n jí. Ó yan kọjá ilé epo, ó yan kọjá ibi tí wọ́n ti ń rán bàtà, àwọn ọlọ́kadà ń yà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, títí ó fi yan wọ àgbàlá Raheem káfíńtà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀ tó parí kéwú.

Wọ́n rí ọkùnrin kan nínú aṣọ funfun àti bẹ́líìtì pupa tó ń lu ìlù bọ̀ láìwẹ̀yìn, wọ́n rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ló rán an wá bá wọn yọ̀. Raheem dìde, ó gbé ìlù kúrò lọ́rùn àlejò, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ sórí ẹní. Nígbà tí Boniface rí i pé irùngbọ̀n àti láwàní ló yí òun ká, ó kọ́kọ́ rò pé òun ti kú. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran síwájú rẹ̀. Ó jẹun tán kó tó jẹ́wọ́, Raheem sì rẹ́rìn-ín títí tí láwàní fi bọ́ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́, láti ọjọ́ náà sì ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ Boniface.

Orúkọ yẹn ń dùn ún. Ó ń jẹ́ ẹ, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Ọ̀wọ̀ ni kò fi pè é rí, Theresa ìyàwó rẹ̀ tí ń ṣe tíṣà. Lọ́jọ́ tó gbé ìlù dé láti ilé Raheem, Theresa kò bi í ní nǹkan kan. Ó gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó jókòó, ẹsẹ̀ á ti máa dùn ún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá béèrè Lọ-Tààrà lẹ́nu ọ̀nà wọn, á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé òun. Boniface kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún un rí, kò sì gbàgbé.

Lẹ́yìn èyí, ó yan fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láìṣìnà. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ là. Jemimah tó ń lu àwo idẹ ló ń yan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgúnpá Jemimah ló sì ń darí rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan níhà fún ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mejì fún òsì. Èèyàn lè di arúgbó sórí irú ètò bẹ́ẹ̀, Boniface sì ti ń dì í. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Àfi bó ṣe di ọdún tó kọjá tí ọmọ Jemimah bímọ ní Akúrẹ́, tí Jemimah fúnra rẹ̀ sì lọ bá a tọ́jú ìkókó. Báńdì sì ti ní ọ̀gá tuntun, Olúyọmí, olùkọ́ kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ga, tó mọ́ tónítóní, tó lè ju ọ̀pá báńdì sókè kó yí lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó hán an. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó fa Boniface sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ ti ṣe é, ẹ sì ṣe é yanjú. Ṣèyíọlá ga, ó sì lágbára. Mo rò pé ká gbé béèsì fún un lọ́dún yìí, kí ẹ̀yin máa bá àwọn àgbà jókòó."

Ṣèyíọlá ni nọ́ọ̀sì tó ti ń lu sáídì lẹ́yìn Boniface láti ọdún mẹ́jọ. Boniface fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti rẹ̀ mí?"

"Kò rẹ̀ yín, Bàbá. Ẹ ò ríwájú ni. Ìyáàfin Jemimah kò sí níbí, èmi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa gún ẹnikẹ́ni níhà nínú báńdì mi."

"Gbọ́, ọ̀gá," Boniface ní. "Bí mo bá yà sọ́tùn-ún lọ́jọ́ òmìnira láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn mí, béèsì di tèmi títí èmi fúnra mi yóò fi ní ó tó. Bí mo bá lọ tààrà, lójú agbo níbẹ̀ ni màá ti gbé e kọ́ Ṣèyíọlá lọ́rùn, ẹ ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi."

Olúyọmí ní ó dáa. Ó dá a lójú pé òun ti jẹ ẹ́. Boniface fẹsẹ̀ rìn délé, ẹ̀rù sì ń bà á lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá gba béèsì lọ́wọ́ òun, kí ni yóò kù lára òun? Orúkọ yẹn nìkan ni.

Ilé iṣẹ́ Raheem ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Kò sí ọjọ́ tí kì í jókòó sórí àjákù pákó níbẹ̀ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Raheem ń kan ẹsẹ̀ àga, bó sì ti máa ń ṣe é náà ló ń ṣe é: á fi òòlù tọ́ ìṣó díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dúró, á wá sọ ẹ̀kẹta kalẹ̀ tagbáratagbára. Kìn-kìn-gàn. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Boniface dópin kó tó yọ ìṣó tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ohun tó pa ọ́ nígbà yẹn kò ju pé o kọ́ ọ láìsí nǹkan láyà," ó ní. "Gbé nǹkan kọ́ àyà lọ́dún yìí."

"Igogo ti wọlé, Raheem. Ṣé wàá ní kí n gbé ùlù jáde ní Ọ̀ghọ̀ lásìkò yìí?" Èdè Ọ̀wọ̀ ni Boniface fi sọ ọ́, níbi tí ìlù ti ń jẹ́ ùlù, tí Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀ghọ̀.

"Ta ló dárúkọ ùlù? Bàsíà tí Theresa fi ń fọṣọ kò sí ní ulé ni?"

Bàsíà rọ́bà ni, ó tóbi, ó sì jìn. Raheem lu ihò sí etí rẹ̀ méjèèjì, ó ki bẹ́líìtì bọ̀ ọ́. Theresa wo ihò ara bàsíà rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ṣáà má fi gbá ògiri. Nígbà tí Boniface gbé e kọ́rùn, ojú ọ̀run nìkan ló kù tó ń rí, gẹ́gẹ́ bó ti yẹ kó rí. Raheem wá so ògbólógbòó irin táyà lọ́rí kan mọ́ igi máńgòrò tó wà ní kọ̀rọ̀ ọgbà ìjọ, ó sì gbé àpótí ìjókòó sídìí rẹ̀ tòun ti òòlù. Irin kò ní èèwọ̀ nínú Igogo. Irin ló ni Igogo. Báńdì á máa fẹnu lùlù bọ̀, Boniface á máa yan bọ̀ láàárín wọn pẹ̀lú bàsíà láyà, bó bá sì ti kan ibi yíyà, Raheem á lu irin, òun á yà. Olúyọmí ní ìyẹn kò lòdì sí àdéhùn, ẹnikẹ́ni kò ṣáà fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ kìíní, ó yà sínú okùn tí wọ́n sá aṣọ sí. Lọ́jọ́ kejì, ó yà pẹ́, ó sì kan igi máńgòrò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó yà bí ọkọ̀ tó ní awakọ̀ gidi, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbé sókè. Ó gbá ojú bàsíà. Gbìm. Kò sí ẹni tó rò pé bàsíà lè dún tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọjá lẹ́yìn ọgbà dúró wò, kò sì tó wákàtí kan tí wọ́n fi wá pe Boniface lọ́dọ̀ olórí àdúgbò.

Bàbá náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó jókòó níwájú ilé rẹ̀, orí rẹ̀ wà lófìfo bíi ti gbogbo ọkùnrin ìlú lákòókò náà. Boniface dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bàsíà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Boniface, wọ́n ní o lu ùlù."

"Bàbá, bàsíà ni."

"Nígbà tí o lù ú, kí ló wí?"

Boniface rò ó, ó rí i pé irọ́ kò ní gbà. "Ó ní gbìm, Bàbá."

"Tí a bá lu ùlù, kí ni í máa wí?"

"Gbìm, Bàbá."

Bàbá àgbàlagbà náà fọwọ́ bo ẹnu, bóyá ikọ́ ló fẹ́ wú, bóyá ẹ̀rín ni, Boniface kò lè sọ. Nígbà tó yá ó ní, "Bàsíà kì í ṣe ùlù, bó bá ń ṣe uṣẹ́ bàsíà. Kí ni uṣẹ́ rẹ̀?"

"Aṣọ fífọ̀, Bàbá."

"Kó aṣọ sí i nígbà náà. Kó kún. Ohun tó bá kún fáṣọ kò ní dáhùn bí o bá gbàgbé ara rẹ. Má sì gbàgbé ara rẹ mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé Boniface ń fi bàsíà aṣọ yan kiri ọgbà ìjọ fún ọjọ́ tó kù nínú Igogo. Àwọn obìnrin àdúgbò ń wá wòran, wọ́n ń ní bó bá ti ń lọ kó bá àwọn gbé tiwọn mọ́ ọn. Ó ń dá wọn lóhùn pé kí wọ́n kó o wá, òun kì í yan òfo. Theresa náà wá lọ́jọ́ kan, ó fi aṣọ ìbora méjì kún un, ó ní ìlù gidi wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ìbora wọ̀nyẹn ni Boniface gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé tó fi yan lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ òmìnira pé. Inú pápá ìṣeré fúnra rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ ti tò lọ́tẹ̀ yìí, yíyà kan ṣoṣo ló sì wà: wọ́n á tọ ọ̀nà títọ́ dé ibi òpó àsíá, wọ́n á yà sọ́tùn-ún, wọ́n á sì kọjá níwájú àwọn àlejò pàtàkì. Bí èèyàn bá lọ tààrà níbẹ̀, abẹ́ ìbòrí àwọn alákàrà ni yóò já sí. Raheem ti fi ọkadà gbé irin táyà rẹ̀ dé ìdí òpó láti àárọ̀. Wọ́n gbé béèsì kọ́ Boniface lọ́rùn, ojú ọ̀run sì ni gbogbo ohun tó kù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àṣẹ jáde, ẹsẹ̀ òsì balẹ̀, gbìm.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ irin. Ó fẹ́ẹ̀ yà. Ó tún gbọ́ òmíràn lápá òsì, òmíràn lẹ́yìn, méjì níwájú. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Igogo ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ni, àwọn ọ̀dọ́ kò tíì ṣetán láti gbé agogo jù, gbogbo wọn ló sì kó o wá sí pápá láti fi yẹ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń yan sí. Agogo ń dún níbi gbogbo, kò sì sí ẹni tó rò ó tẹ́lẹ̀, òun, Raheem, tàbí Olúyọmí. Òógùn bo Boniface. Ó ń na ìlù, ó ń ka ẹsẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò ka ẹsẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ohun tó ń kà kò wúlò fún nǹkan kan. Ó ro ti Ṣèyíọlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ro ti Theresa tó jókòó sáàárín àwọn ìyá ìjọ. Ìbànújẹ́ bá a, kì í ṣe ti ìlù nìkan: tó bá tún lọ tààrà lójú Theresa, obìnrin náà kò ní rí nǹkan sọ fún ẹni tó bá kànlẹ̀kùn mọ́.

Láàárín ariwo yẹn ni kiní kan dún lápá ọ̀tún iwájú. Kìn-kìn-gàn.

Kò sí ọ̀dọ́ tó ń lu agogo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kan ìṣó ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Boniface ti fi jókòó ti ohùn yẹn, ó ti sùn tì í, ó ti jẹun tì í. Ó tún dún: kìn-kìn-gàn. Boniface kò ro nǹkan kan mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì yà.

Ó yan, ó na ìlù, ó gbọ́ tí àwọn èèyàn hó, ó gbọ́ tí ẹni tó di gbohùngbohùn mú ń sọ pé àrà tuntun rèé, báńdì tó fi béèsì ṣíwájú. Kò yé e. Àwọn sáídì ń dún lẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbọ́ fèrè níwájú níbi tó yẹ kí fèrè wà. Nígbà tí wọ́n pàṣẹ ìdúró, ó tú bẹ́líìtì, ó sọ ìlù kalẹ̀, ó wojú iwájú. Kò sí ẹnì kankan níwájú rẹ̀. Pápá lásán ló wà níbẹ̀, koríko àti oòrùn. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, mo tún ti ṣe é.

"Bàbá, ẹ wẹ̀yìn," ni Ṣèyíọlá wí.

Ó wẹ̀yìn. Báńdì tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Àwọn onífèrè tó yẹ kó ṣíwájú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré bọ̀ láti apá ibòmíràn ni. Ṣèyíọlá ló ṣàlàyé fún un. Bí wọ́n ti ń dé ìdí òpó, Olúyọmí ju ọ̀pá sókè láti fi dá àwọn àlejò lára yá. Oòrùn bọ́ sí i lójú, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kanlẹ̀, ó sì ń yí lọ. Ọ̀gá tẹ̀ lé ọ̀pá, àwọn onífèrè tẹ̀ lé ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ wọn, gbogbo wọn sì yan tààrà wọ abẹ́ ìbòrí àwọn alákàrà. Béèsì nìkan ló yà. Nígbà tí Ṣèyíọlá gbọ́ pé gbìm ń lọ sọ́tùn-ún, ó ní ẹsẹ̀ òun ti yà kí òun tó rò ó, gbogbo àwọn sáídì sì tẹ̀ lé òun.

Olúyọmí fúnra rẹ̀ wá. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo àkàrà wà lára ṣòkòtò rẹ̀ funfun. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, tiyín ni béèsì," ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un lójú gbogbo èèyàn. Olùkọ́ rere ni, ká sọ òótọ́. Boniface wá Raheem lójú, ó rí i ní ìdí òpó, tí ń fi etí agbádá nu òòlù bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, orúkọ ti kó ẹrù. Boniface jókòó sí ilé iṣẹ́ Raheem nígbà tí ẹnì kan ké lójú títì pé, "Lọ-Tààrà!" Ó dáhùn, ó tiẹ̀ nawọ́ sókè. Ọlọ́kadà tó ké kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olúyọmí tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ lódì kejì títì ló ń kí. Boniface rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Raheem rí i, ó sì fi ìṣó dí ẹnu ara rẹ̀.

Olúyọmí ré títì kọjá wá bá wọn, ó jókòó sórí pákó. "Bàbá, ó tó ìgbà wo kí wọ́n tó gbàgbé?"

"Wọn ò tíì gbàgbé tèmi tí ìwọ fi gbà á," Boniface ní. "Má bínú sí wọn. Jẹ́ ẹ, kó o rẹ́rìn-ín. Bó o bá bínú, wọ́n á gbé e dé ìlú mìíràn. Ọdún àkọ́kọ́ ló le jù."

Ó lọ sílé lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ti so bàsíà mọ́ ara ògiri, Theresa ti fi rọ́bà yíyọ́ dí ihò méjèèjì. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé orúkọ ti kúrò lọ́rùn òun, Olúyọmí ló ń jẹ́ ẹ báyìí. Ó rò pé òun á fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò ṣe bí ó ti fẹ́. Theresa wojú rẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sínú ilé ìdáná. Boniface ń gbọ́ tí ó ń ṣí ìkòkò, tí ó ń bu iyán.

Nígbà tó ṣe tán, ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, aṣọ ìnuwọ́ wà léjìká rẹ̀.

"Lọ-Tààrà," ó ní, "ẹ wá jẹun."

Boniface ti dáhùn kó tó mọ̀ pé òun dáhùn.